Obìnrin Bẹ́yẹrúnkà Tó Fọwọ́ Kan Ọkọ̀ Mi

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé báwo ni Ìbàdàn ṣe rí, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan, kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. N kò ní ka òrùlé tó ti dípẹtà fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, kó lọ fojú ara rẹ̀ wò ó. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni obìnrin kan, mo sì jowú rẹ̀ débi pé oúnjẹ kò fẹ́ gba ọ̀fun mi kọjá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ̀ pupa onílẹ̀kùn méjì tí Ọ̀gá Oyèdélé, olóògùn òyìnbó wa, máa ń gbé jáde lọ́jọ́ Àìkú. Ọkọ̀ eré-ìje ayé àtijọ́ ni. Ó ti wà lórí títì kí wọ́n tó bí mi. Ẹ́ńjìnì tó bá a wáyé ti kú tipẹ́. Èmi Dáre ni mo wá èyí tó tóbi jù ú lọ, tí mo gé irin, tí mo jó irin, títí ó fi gbà á sínú. Ọdún kọkànlá rèé. Orúkọ Ọ̀gá ló wà nínú ìwé ọkọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn tèmi, èmi ni mo ni ín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló jẹ́ pé torí ọkọ̀ yẹn lẹ ṣe gbé tiyín wá sọ́dọ̀ mi.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, lápá òsì. Irin gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó ń gba agbára lọ́wọ́ jíà lọ fún taya ẹ̀yìn. Ṣáàfù là ń pè é. Níbi tí ṣáàfù ti pàdé jíà, oríkèé kan wà níbẹ̀ tí bóòtù mẹ́fà dì mú. Bóòtù mẹ́fà yìí ló ń já. Mo pààrọ̀ wọn, wọ́n já. Mo wá èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n já. Lẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀gá tẹjú mọ́ mi.

"Dáre, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Òkè-Àdó ní obìnrin kan wà ní Bẹ́yẹrúnkà, ní Ìbàdàn, Ìyá Sùlìyá, tó jẹ́ pé oríkèé ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Jẹ́ ká gbé e lọ, kó kàn bá wa wò ó."

Kó kàn bá wa wò ó. Àwọn àgbà ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ bí ó ṣe ń rí lára ìyáálé. Mo ní, "Kò burú, sà." Mo fi bóòtù mẹ́fà tuntun sí i fún ìrìn náà, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kí obìnrin náà má sí nílé. Bí ọkọ̀ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kí lẹ ó tún máa fi mọ̀ mí nílùú yìí?

Ojú ọ̀nà

Ọ̀gá kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀ náà rìn jìnnà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, tí mo tẹ́tí sí abẹ́ ọkọ̀ bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́. A kọjá Ọ̀wọ̀, a kọjá Àkúrẹ́, ohùn ọkọ̀ ṣì dùn. Ọ̀gá ń fi ìka lu ọwọ́ ìdarí, ó ń ròyìn obìnrin Ìbàdàn fún mi. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n ní bó bá ti fọwọ́ ra irin, ó ti mọ ibi tó ń dùn ún.

Mo ní, "Irin kì í kúkú sọ̀rọ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn.

A kúrò ní Iléṣà díẹ̀ ni mo gbọ́ ọ, ohùn kékeré kan, bí ẹni fi eyín fọ́ èkùrọ́. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kejì kí a tó dé Ifẹ̀. Nígbà tí a dúró ní Ìkirè, tí Ọ̀gá lọ ra dòdò, mo yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, mo rí i pé méjì ti lọ nínú mẹ́fà. N kò lè fi pamọ́, torí ẹ̀mí ni.

"Ṣé mẹ́rin tó kù lè gbé wa débẹ̀?" Ohun tí Ọ̀gá bi mí nìyẹn.

"Bí ẹ bá rọra, sà."

Ó na dòdò sí mi. Ẹ gbọ́, dòdò Ìkirè kì í ṣe irú èyí tí ìyàwó yín ń dín fún yín. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n á wá dín in títí ara rẹ̀ á fi dúdú. Ojú rẹ̀ kò wuni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan á jẹ ìkejì. Lọ́jọ́ mìíràn ǹ bá jẹ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ yẹn mo jẹ ọ̀kan, mo ń ro obìnrin tí n kò tíì rí.

Bẹẹrẹ

Ọkọ̀ ṣàánú mi títí a fi wọ Ìbàdàn. Kò ṣàánú mi ju ìyẹn lọ. Ní Bẹẹrẹ gan-an, láàárín ọ̀kadà àti àwọn tó ń pàtẹ bàtà, mẹ́rin tó kù já tẹ̀léra tẹ̀léra. Ẹ́ńjìnì ń ké, ọkọ̀ kò lọ. Ṣáàfù já sílẹ̀, ó ń lu abẹ́ ọkọ̀ gbàgà gbàgà títí Ọ̀gá fi pa iná. Ojú tì mí bí ẹni tí ṣòkòtò já mọ́ lọ́wọ́ lójú ọjà.

Kí n tó fi okùn so ṣáàfù mọ́kè tán, ọkùnrin mẹ́rin ti dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, ẹran ló ń tà, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ kú ewu o, bàbá," ó sọ fún Ọ̀gá. "Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Bẹ́yẹrúnkà. Lọ́dọ̀ Ìyá Sùlìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ti dé ibẹ̀ tán nìyẹn. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ yín jàre, ẹ ṣá ti di ọwọ́ ìdarí mú." Ó wá kọjú sí mi bí a ṣe ń ti ọkọ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ìkàrẹ́."

"Èwo ni Ìkàrẹ́?"

"Àkókó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó."

"Ẹ mà jìnnà o. Kò sí mẹkáníìkì lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni?"

Ọ̀gá yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Mẹkáníìkì ọ̀hún lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi fẹ́ yí padà sẹ́yìn lọ́wọ́ wa. Òkè ni láti Bẹẹrẹ dé Màpó, kì í sì í ṣe òkè ẹni tó jẹ ẹyọ dòdò kan. Bí ó ṣe ń rẹ ọ̀kan ni ẹlòmíràn ń bọ́ síbẹ̀, onísọ̀, awakọ̀, ẹni tó ń lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí a dé òkè, obìnrin kan gbé omi inú ọ̀rá fún gbogbo wa, ó sì bi mí bóyá mo ní ìyá nílé, torí ó ní mo rí bí ẹni tí ebi ń pa. Wọ́n máa ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Mo rí i lọ́jọ́ náà. Ó sì bí mi nínú díẹ̀, torí pé mo fẹ́ wá ẹ̀sùn sí wọn lẹ́sẹ̀, n kò rí.

Láti Màpó, ìsàlẹ̀ ló kù. Ọkọ̀ ń yí lọ fúnra rẹ̀ sí apá Ọjà'ba, Ọ̀gá jókòó gàǹgà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn ń yà fún un, wọ́n ń kí i bí ìjòyè. Èmi ń sáré bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ lórí.

Ilé Ìyá Sùlìyá

Iwájú agbo ilé bàbá rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ní Bẹ́yẹrúnkà. Obìnrin kúkúrú ni, ó lè fi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún jù mí lọ. Ó fi hìjáàbù kékeré borí, ṣòkòtò ọkùnrin wà lábẹ́ bùbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá. Ó wá kí èmi náà pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ẹ kú iṣẹ́ ọkọ̀ yìí. Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnì yẹn wọ ibẹ̀ gbọ́nṣẹ́."

Inú mi ìbá dùn. Ṣùgbọ́n mo ti múra ìjà wá, n kò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Kò wo ọkọ̀. Ó ní nílé àwọn, a kì í wo abẹ́ ọkọ̀ àlejò kí àlejò tó fẹnu kan nǹkan. Wọ́n gbé ẹ̀kọ tútù àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ẹlẹ́yin wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Iyán ni mo mọ̀ ní oúnjẹ, ohun tí a ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni ẹ̀kọ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta, ó ní òun kò jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ rán an létí.

Ẹ wá wo ohun tó dùn mí jù. Nígbà tí obìnrin náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó na iná tọ́ọ̀ṣì sí Ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di iná yìí mú, sà. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín." Ọ̀gá Oyèdélé, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ sórí páálí nínú aṣọ funfun, ó ń tanná fún un. Ó ń bi í ní ìbéèrè, obìnrin náà ń dá a lóhùn. "Èyí ni jíà, sà. Èyí ni oríkèé. Ẹ fọwọ́ kàn án." Inú bàbá náà dùn bí inú ọmọ tó rí kẹ̀kẹ́ tuntun. Ní ọdún mọ́kànlá, kò dọ̀bálẹ̀ tì mí rí lábẹ́ ọkọ̀ náà. Èmi náà kò pè é rí. Bó bá ti sún mọ́ mi, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Ẹ lọ jókòó, sà, gíríìsì á ta sí yín láṣọ."

Àjẹkù bóòtù tó já ṣì há sínú ihò. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti gbé òòlù àti iná dé. Obìnrin yìí jó nọ́ọ̀tù kan mọ́ orí àjẹkù kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a fi í sílẹ̀ kó tutù. A dúró. Ó bi mí nípa àwọn ọmọ mi. Nígbà tí ó tutù, ó fi sípánà yí nọ́ọ̀tù náà jẹ́jẹ́, àjẹkù sì bá a jáde bí eyín ọmọdé tó ti mì. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo jowú ọwọ́ rẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ tèmi, mo rí i pé ó tóbi, ó sì ń kánjú.

Àwo funfun

Gbogbo wa la máa ń da bóòtù tó já nù. Nílé wọn, wọn kì í dà á nù. Ìyá Sùlìyá fi pẹtiróòlù fọ àwọn àjẹkù, ó tò wọ́n sínú àwo funfun kan ní bí wọ́n ṣe wà nínú ihò, yíká yíká. Ó ní ọ̀nà bàbá òun nìyẹn, pé a kì í sin òkú kí a tó mọ ohun tó pa á. Ó tò wọ́n tán, ó jókòó tì wọ́n, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá ti gun òkè lọ wo gbọ̀ngàn Màpó. Èmi àti obìnrin náà nìkan ló kù. Ó fi èékánná ha ojú irin tí oríkèé ń jókòó lé, ohun pupa kan ń ṣí bọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ó bù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà.

"Ọ̀dà ni," ó wí. "Ó wà lójú irin méjèèjì. Ẹ wò ó, ọ̀gá. Irin méjì tó fẹ́ di ara wọn mú, ìhòòhò ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá ara wọn. Bí ọ̀dà bá wà láàárín wọn, ẹ ó dì í, yóò le lọ́wọ́ yín. Tí ọkọ̀ bá rìn díẹ̀, ọ̀dà á lọ̀, àyè á ṣí, oríkèé á máa jó. Bóòtù tí a ní kó dì í mú, òun ló wá ń ru ẹrù. Yóò já ni. Ìbáà jẹ́ irin ọ̀run."

Mo bu díẹ̀ nínú ọ̀dà náà, mo ń fi ìka lọ̀ ọ́.

"Ẹ̀yin lẹ kùn ún ni, àbí bí ẹ ṣe rà á nìyẹn?"

Ẹ̀yin ará mi, èmi ni mo kùn ún. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, Ọ̀gá lọ sí Àkúrẹ́, ó jẹ́ kí mẹkáníìkì kan níbẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, kó bá a di ohun kan tó tú. Nígbà tí mo gbọ́, n kò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo tú ibẹ̀ palẹ̀, mo fi ọ̀dà pupa kùn ún tinú tẹ̀yìn, orí bóòtù, ọrùn bóòtù, ojú irin, kí ó lè jẹ́ pé bí sípánà ẹlòmíràn bá fi kàn án, ọ̀dà á ṣí, mà á sì mọ̀. Láti ìgbà náà ni bóòtù ti ń já. Gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ wọn ni mo tún ń kùn ún. Owú mi ló ń já wọn.

Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ tó sọ ọ́. Mo wò ó lójú, mo ní, "Bí a ṣe rà á nìyẹn, mà."

"Ó dáa," ó wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ha gbogbo ọ̀dà náà kúrò títí irin fi funfun. Nígbà tí Ọ̀gá dé tó bèèrè ohun tó rí, ó ní, "Ojú irin ni kò mọ́, sà. Mo ti nù ún." Ó na sípánà sí mi, ó ní kí èmi ni kí n di bóòtù tuntun, kí n máa mú un ní ọ̀tún kí n tó mú un ní òdìkejì, kó lè jókòó dọ́gba. Bó bá ṣe pé ó tú àṣírí mi, ǹ bá kórìíra rẹ̀, ara á sì tù mí. Kò tú u, n kò rí ohun tí owú mi lè dì mú mọ́, síbẹ̀ owú náà kò lọ.

Ọ̀nà ilé

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. A sùn nínú agbo ilé náà, ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún gbé ẹ̀kọ wá, gbígbóná lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú àkàrà, mo sì jẹ ẹ́ tán. Bí mo ṣe ń nu gíláàsì iwájú, mo rí Ọ̀gá àti Ìyá Sùlìyá lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn wọn kò jáde. Ó ń sọ̀rọ̀, Ọ̀gá ń mi orí. Ọ̀gá yọ fóònù, ó ń tẹ nọ́ńbà sínú rẹ̀. Mo nu ojú kan náà lórí gíláàsì yẹn títí ó fi ń dún kín-ín kín-ín.

Abẹ́ ọkọ̀ pa rọ́rọ́ láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, láti Ifẹ̀ dé Àkúrẹ́. Ọ̀gá ń sá eré tí kò sá láti bí ọdún kan. Ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo bí ó ṣe ń kọrin ni mò ń to ọ̀rọ̀ ọ̀dà náà nínú mi. Mo ní kí n sọ ọ́ ní Àkúrẹ́, ẹnu mi kò là. Mo ní kí n sọ ọ́ ní Ọ̀wọ̀, ó ní kí n wo bí ọkọ̀ ṣe gun òkè. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ti kúnlẹ̀ láti Bẹ́yẹrúnkà, orúnkún ti ń dùn mí.

A ti kọjá Àkùngbá, a ti ń rí òkè Ìkàrẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, nígbà tí mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo ba oríkèé yẹn jẹ́. Ọ̀dà ni mo kùn sí i, kí n lè mọ̀ bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà yẹn ló ń já bóòtù. Ìyá Sùlìyá bi mí, mo purọ́ fún un."

Ó dẹ́kun orin. Ó wakọ̀ lọ díẹ̀, ó gbé ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa iná.

"Ó ti sọ fún mi," ó wí. "Àárọ̀ yìí ló sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀ pé ìwọ ni, torí ọ̀dà wà lọ́rùn bóòtù tuntun náà. Ó ní kí n má bi ọ́ léèrè. Bí o bá sọ ọ́ fúnra rẹ kí a tó délé, kí n má gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ, torí ẹni tó bá lè sọ irú èyí kò ní fi ẹ̀mí mi ṣeré. Bí o kò bá sọ ọ́, kí n máa gbé e wá sọ́dọ̀ òun."

Mo wo ọ̀nà tó kù. Kò tó kìlómítà mẹ́ta.

"Ṣé ẹ ṣì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, sà?"

"Mo ti gba nọ́ńbà rẹ̀." Ó ṣáná sí ọkọ̀. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí o bá fẹ́ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, pè mí. Mà á wá di iná mú."

Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń dọ̀bálẹ̀ tì mí lórí páálí, ó ń béèrè ohun tí ọmọdé ń béèrè, mo sì ń dá a lóhùn. Bóòtù kan kò já mọ́. Ẹ̀yin tó ń kọjá lójú ọ̀nà ti rí wa. N kò ní kó pa nọ́ńbà Ìyá Sùlìyá rẹ́, n kò lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí fóònù Ọ̀gá bá dún lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, ọwọ́ mi á dúró lórí sípánà títí mà á fi gbọ́ orúkọ ẹni tó ń pè é.